Ẹni Tó Yin Ìbọn Bàbá

"Arlene ni."

Bí Delmar ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Òórùn ẹ̀tù ṣì gba inú ilé ìdáná kan, ihò kékeré kan ti lu ògiri tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, Duchess, ajá ọdẹ bàbá wọn, sì ń ké lóde. Igbe náà kò pẹ́ kó tó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn burú ju igbe lọ.

Bàbá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ oko ṣì wà ní bàtà rẹ̀. Ó wo ìbọn ìléwọ́ tó gbé ti ojú ogun bọ̀, tó máa ń tọ́jú sínú dúrọ́ọ̀. Orí tábìlì ló wà báyìí, iwájú Arlene gan-an, nítorí ibẹ̀ ni Delmar sáré gbé e sí kó tó sá lọ fara ti fìríìjì. Ọmọ ọdún méjìlá ni Delmar. Arlene jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọ̀bẹ tó fi ń bó ọ̀dùnkún ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi kọ́, Dádì."

"Ta wá ni?"

Arlene nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Delmar bú sẹ́kún. Bàbá rò pé ajá ló ń sunkún fún.

"Ó pa ajá mi," bàbá wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "ó tún fẹ́ tì í sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rùn."

Kò nà án. Ká ní ó nà án ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé nígbà tí oṣù kọkànlá dé, tí àkókò ọdẹ àgbọ̀nrín bẹ̀rẹ̀, Delmar ló gbé sínú ọkọ̀ nídàájí, Arlene sì dúró lójú fèrèsé, ó ń wo iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ náà títí ó fi wọ inú igbó. Ọdọọdún ló ń rí bẹ́ẹ̀ títí ó fi lọ ilé ọkọ. Bàbá wọn darúgbó, ó kú, wọ́n sin ín, kò sì jẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ bá òun gbé ìbọn láti inú ọkọ̀ wọlé rí.

Àwọn kan wà tí nǹkan bẹ́ẹ̀ á ṣe, wọ́n á gbàgbé. Arlene kì í ṣe ara wọn. Ó tọ́jú ọ̀rọ̀ náà bí èèyàn ṣe ń tọ́jú ẹran sínú fíríísà. Ó dì gbagidi, kò sì bàjẹ́. Bí wọ́n bá sì pé jọ jẹ tòlótòló lọ́jọ́ Ìdúpẹ́, Delmar kò ní ṣàì sọ ọ́: "Ẹ gba ọ̀bẹ yẹn lọ́wọ́ Arlene o. Ẹ rántí ajá." Gbogbo tábìlì á rẹ́rìn-ín. Harvey ọkọ rẹ̀ nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Ìdí kan nìyẹn tí Arlene fi fẹ́ràn Harvey dójú ikú.

Harvey ti kú báyìí. Arlene ti lé lọ́gọ́ta ọdún, òun nìkan ló sì kù nínú ilé oko tí òun àti Harvey jọ ń gbé, ní ìparí títì olókùúta kan lẹ́yìn ìlú Kessler, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin Harvey ni Curtis, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti kó gbogbo ìbọn bàbá rẹ̀ lọ sí St. Louis. Ó ní nítorí ààbò ni. Arlene mọ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ààbò sí i lẹ́nu.

Nígbà tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, olè wọ abà, ó kó irinṣẹ́ Harvey lọ. Kò pẹ́ tó fi tún padà wá, ṣùgbọ́n ilé gan-an ló wá lọ́tẹ̀ yìí. Arlene wà nídìí sítóòfù, ó ń din ẹyin, nígbà tó gbọ́ tí fèrèsé yàrá ìfọṣọ fọ́. Ó pariwo orúkọ Harvey bí ẹni pé ó wà lókè, olè náà sì sá. Kí ọlọ́pàá tó dé, ẹyin ti di èédú, Arlene sì ti fọ páànù.

"Mọ́mì, ẹ wá máa bá wa gbé," Curtis wí lórí fóònù. "Yàrá ti wà nílẹ̀."

"Mo ní ilé."

"Wọ́n fọ́ fèrèsé yín."

"Mo ti fi òmíràn sí i. Ìbọn ìléwọ́ ni mo fẹ́ rà, kí n sì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó."

"Mo bá Ọ́ńkù Delmar sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó pa Duchess ò yẹ kó tún gbé ìbọn láyé."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́."

Orúkọ Arlene àti ti Curtis ni Harvey fi sórí ilẹ̀ náà, kò sì sí bí ẹnì kan ṣe lè dá ìpinnu ṣe lórí ẹ̀. Wọ́n bá ara wọn ṣàdéhùn. Bí Arlene bá kọ́ ìbọn yíyìn, tí Curtis wá fojú ara rẹ̀ rí i pé ó mọ̀ ọ́n lò, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ọ̀rọ̀ St. Louis parí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Arlene á kó ẹrù rẹ̀ kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì ta oko.

"Ṣé ẹ gbà?"

"Mo gbà," Arlene dáhùn. Ó fi ìbínú gbé fóònù sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ìbọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ. Ọ̀dọ́kùnrin tó dúró lẹ́yìn káńtà ń jẹ́ Cody, Arlene sì mọ ìyá rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Mìsísì Vogt. Ẹ̀bùn ẹnì kan lẹ fẹ́ rà?"

"Tèmi ni. Ìbọn ìléwọ́."

Ojú Cody tàn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì mú ìbọn tín-ín-rín kan jáde, aláwọ̀ àlùkò, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. "Èyí ni àwọn obìnrin máa ń rà. Ó fúyẹ́, ó wọ inú báàgì, ó sì rẹwà."

Arlene gbà á. Lóòótọ́, ó fúyẹ́ bí nǹkan ìṣeré. Ìka rẹ̀ tó kéré jù kò ríbi dì mú, ńṣe ló ń rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ìdìmú.

"Ẹ má tíì rà á, mà," ẹnì kan sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Obìnrin kúkúrú kan ni, ó di irun rẹ̀ tó ti ń funfun sẹ́yìn, ó sì wọ jákẹ́ẹ̀tì àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Páálí ọta ló wá rà.

"Nadine, o tún fẹ́ ba ọjà mi jẹ́," Cody wí.

"Ta ló ba ọjà ẹ jẹ́? Ọ̀dọ̀ ẹ ni wọ́n ń bọ̀ wá rà á. Kì í kàn ṣe lónìí ni." Ó yíjú sí Arlene. "Ṣé ẹ ti yìnbọn rí?"

"Rárá."

Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí Arlene ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn dáhùn ìbéèrè yẹn. Yàtọ̀ sí Harvey, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹni tó gbọ́ ọ kò ní rẹ́rìn-ín. Nadine kàn mi orí.

"Ìbọn kékeré, èèyàn á rò pé ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Irọ́ ni. Bó bá ṣe fúyẹ́ tó ló ṣe máa ń tàpá tó, ọwọ́ yín ló sì máa gba gbogbo ìtàpá yẹn. Tó bá ti lè dùn yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í dijú kẹ́ ẹ tó yìn ín. Ẹni tó bá ń dijú yìnbọn, ó sàn kó ju bàtà lu olè."

Cody rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Arlene gbé ìbọn àlùkò padà sórí káńtà.

"Ẹ wá sí kíláàsì mi ní Sátidé, ní pápá ìyìnbọn àwọn ọdẹ," Nadine tẹ̀síwájú. "Oríṣiríṣi ìbọn wà níbẹ̀. Ẹ ó yìn wọ́n wò kí ẹ tó mọ èyí tó bá ọwọ́ yín mu. Ṣé ẹ máa ń ra bàtà láì kọ́kọ́ tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́?"

"Ta ló ń ṣọ́ pápá yẹn báyìí?"

"Delmar Hoelscher. Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n," Arlene dáhùn. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé.

Yàrá kíláàsì kò ju ilé onípákó kan lọ létí pápá, pẹ̀lú kọfí tó gbóná àti páálí dónọ́ọ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ kò pọ̀: nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Tess, tó máa ń dá nìkan rìn lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́; ọkọ àti aya kan, Wade àti Shelby, tí oyún Shelby ti hàn; àti Arlene. Arlene jókòó síwájú.

Ọ̀nà tí Nadine ń gbà kọ́ni wu Arlene láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í pariwo, kì í sì í fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mú ọta wọ inú yàrá náà, ó sì tú àpò ara rẹ̀ síta kí ó tó ní kí àwọn tó kù tú tiwọn. Gbogbo ìbọn, ó ní, ẹ kà á sí èyí tó ní ọta nínú. Ẹ má kọ ẹnu rẹ̀ sí ohun tí ẹ kò fẹ́ bà jẹ́. Ẹ má fi ìka kan irin ìyìnbọn àfi tí ojú yín bá ti wà lára àmì. Ẹ mọ ohun tó wà lẹ́yìn àmì yẹn. Ó sọ ọ́, ó tún un sọ, ó ní kí wọ́n sọ ọ́ padà fún òun, bó ṣe dájú pé ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì pé kí wọ́n jókòó.

"Ohun kan tún wà," ó ní. "Lọ́jọ́ tí a bá parí, ẹni tó ń ṣọ́ pápá á pe yín lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú gbogbo èèyàn, á sì sọ bóyá òun lè bá yín dúró lórí ìlà ìyìnbọn tàbí òun ò lè. Àwọn bàbá wa ló dá a sílẹ̀ níbí. Mo ti rí i tí wọ́n kọ ọmọ pásítọ̀. Mo ti rí i tí wọ́n kọ ọlọ́pàá." Ó ṣí ilẹ̀kùn. "Delmar, wá sọ ìtàn ajá fún wọn. Ó máa ń sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì mi."

Delmar wọlé pẹ̀lú fìlà pupa lórí àti ìbòtí lọ́rùn. Ó ti la ẹnu kó tó rí àbúrò rẹ̀. Ẹnu náà wà ní lílà díẹ̀.

"Sọ ọ́," Arlene wí jẹ́jẹ́.

Ọkùnrin náà wo ìkòkò kọfí. "Ọmọbìnrin kékeré kan wà," ó bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ní kó má fọwọ́ kan ìbọn bàbá rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. Ó yọ ilé ọta kúrò ní ìdìmú, ó rò pé ìbọn ti ṣófo. Kò mọ̀ pé ọta kan ṣì wà lọ́fun ìbọn. Ó yìn ín. Ọta la ògiri kọjá, ó sì pa ajá tó dára jù lágbègbè yìí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ máa wo ọ̀fun ìbọn nígbà gbogbo. Ó tán."

"Ọmọ ọlọ́mọ," Tess wí. "Ibo ló wà báyìí?"

"Ó wà."

Arlene nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Títí di ìṣẹ́jú yẹn, kò mọ ohun tó mú kí ìbọn náà dún. Ọ̀dùnkún ló ń wò lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ẹni tó yìn ín ti kọ́kọ́ yọ ilé ọta. "Ọmọ ọdún mẹ́wàá," ó ní. "Tí wọn kì í jẹ́ kó sún mọ́ ìbọn. Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yọ ilé ọta?"

Nadine wo Arlene, ó wo Delmar, ó tún wo Arlene.

"Mi ò mọ̀," Delmar wí, ó sì jáde.

Nígbà tí kíláàsì parí, Delmar ń dúró de Arlene níta, ó fara ti ọkọ̀ rẹ̀.

"O fẹ́ dójú tì mí níwájú àwọn èèyàn ni, Arlene?"

"Ojú tì ẹ́?"

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ọmọdé ni wá nígbà náà. Ta ló lè rántí nǹkan bó ṣe rí gan-an?"

"Èmi lè rántí."

"Dádì ti kú."

"Mo mọ̀ pé ó ti kú. Ìwọ ló jókòó tì lórí igi láti dọdẹ lóṣù kọkànlá lọ́dọọdún, ìwọ ló kọ́ ní orúkọ ẹyẹ. Èmi ló ń fi búrẹ́dì yín sí àpò." Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀. "Mi ò fẹ́ jà. Ọmọ mi fẹ́ ta ilé mi, Delmar, nítorí ìtàn tó o máa ń fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Mo máa jókòó síwájú."

Ní Sátidé kejì, Nadine to ìbọn ìléwọ́ sórí tábìlì gígùn kan lórí pápá, gbogbo wọn ṣí sílẹ̀, ẹnu wọn kọjú sí òkè tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ mọ. Ó ní kí wọ́n yìn wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọwọ́ sọ̀rọ̀. Arlene kọ́kọ́ mú ìbọn kan tó fi díẹ̀ tóbi ju ìbọn àlùkò Cody lọ. Ó ta á lọ́wọ́ bí ìgbà tí màlúù bá ju ẹsẹ̀ lu korobá, ọta sì wọ ilẹ̀ níwájú àmì. Ó mú èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yí po. Kò sí ohun tó le nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n irin ìyìnbọn rẹ̀ wúwo débi pé kó tó fà á dé ìparí, ẹnu ìbọn ti ń gbọ̀n. Ó mú ìbọn ńlá kan tó jọ èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ bàbá rẹ̀. Ó gbé e dání fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé e padà láìyìn.

"Ẹ ò fẹ́ ìyẹn?" Nadine bi í.

"Mo ti rí irú ẹ̀ rí. Mi ò fẹ́ ẹ."

Èyí tó tẹ̀ lé e kò tóbi jù, kò kéré jù. Gbogbo ìka rẹ̀ ló ríbi dì mú. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ fa irin òkè rẹ̀, èyí tó ń gbé ọta wọ ọ̀fun ìbọn, sẹ́yìn, oríkèé ọwọ́ rẹ̀ tó ti ń ro ó láti ọdún yìí wá kò jẹ́.

"Ọwọ́ mi ti gbó," ó wí, ojú sì tì í.

"Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ yín. Ẹ̀ ń fà á bí ẹni fa ewúrẹ́ tó yarí. Ẹ mú ìbọn sún mọ́ àyà. Ẹ di irin òkè mú ṣinṣin, ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Ẹ wá fi ọwọ́ kejì ti ìdìmú síwájú. Bẹ́ẹ̀. Ẹ tì í bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń ti ilẹ̀kùn abà."

Arlene tì í, irin náà sì lọ. Ó tún un ṣe, ó lọ. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó yìn ín. Ọta lu bébà, kò jìnnà sí àárín. Kò dijú.

Ohun tí Nadine kíyè sí ni ohun tí Arlene ń ṣe láàárín ìyìn kan sí èkejì. Nígbàkígbà tí Arlene bá fẹ́ gbé ìbọn kalẹ̀, á yọ ilé ọta, á ti irin òkè, á wo ọ̀fun ìbọn, á ti ìka bọ̀ ọ́, á wo ibòmíràn, á sì tún padà wò ó. Kì í kánjú. Kì í fò ó. Àwọn yòókù ti ń ṣe é ní wéré wéré, bí ẹni ń mi orí fún aládùúgbò.

"Ẹ wo Mìsísì Vogt," Nadine sọ fún wọn. "Mo ti ń kọ́ni tipẹ́, mo mọ ọwọ́. Ọwọ́ tó ti fi ìbọn ṣeré rí máa ń yájú. Ọwọ́ yìí ò fi ìbọn ṣeré rí láyé."

Ó sọ ọ́ sókè. Delmar wà lẹ́yìn ìlà, kò jìnnà, ó gbọ́. Ó ní òun ń lọ wo àsíá pupa tó wà lẹ́nu géètì, bẹ́ẹ̀ àsíá náà kò ṣe ohunkóhun. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Arlene ra irú ìbọn náà lọ́wọ́ Cody, ó sì ra sééfù kékeré kan mọ́ ọn. Cody ní ìyá òun kí i.

Sátidé tó kẹ́yìn, Curtis wa ọkọ̀ wá láti St. Louis. Ó dúró lẹ́yìn ọgbà onípákó pẹ̀lú ọwọ́ nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ sì jọ ti Harvey nígbà tí Harvey bá ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò á ba koríko jẹ́. Ìyá rẹ̀ kí i, ó sì lọ dúró sáyè rẹ̀ lórí ìlà, láàárín Tess àti Wade. Shelby kò yìnbọn lọ́jọ́ náà nítorí oyún. Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn ọkọ rẹ̀.

Wọ́n yìn ín títí ó fi mọ́ wọn lára. Bébà Arlene dára. Kò sí ihò kan tó jáde kúrò nínú òbírí ńlá, àwọn kan sì wọ inú kékeré. Nadine ní kí wọ́n kó ìbọn kalẹ̀, kí wọ́n ṣe é bí òun ṣe kọ́ wọn. Iṣẹ́ Delmar nígbà náà ni láti máa wo gbogbo ọwọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń wò. Ó ń wo bí àbúrò rẹ̀ ṣe ti ìka bọ ọ̀fun ìbọn, tó gbé ojú kúrò, tó sì tún padà wò ó.

Wade ti yọ ilé ọta tirẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ti lu àárín àmì, ó sì fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ rí i. "Ó ti ṣófo," ó wí, ó sì ń yípadà sẹ́yìn pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. "Shelby, ṣé o rí èyí tí mo..."

"Wade. Dúró."

Arlene kò pariwo. Ohùn tó fi máa ń dá màlúù dúró lẹ́nu géètì ló lò, Wade sì dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

"Ìka kúrò. Kọ ẹnu ẹ̀ padà sí òkè yẹ̀pẹ̀. Má yára. O káre. Ti irin òkè, kó o wo ọ̀fun ẹ̀."

Wade ti irin náà. Ọta kan tó dán bọ́ sílẹ̀ lórí pákó níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yí díẹ̀, ó sì dúró.

Shelby gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn rẹ̀. Wade gbé ìbọn kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin, ó sì lọ jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, kò lè wo ojú rẹ̀. Arlene tọ̀ ọ́ lọ, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"O ò ní ṣe é mọ́ láyé," ó sọ fún un. "Mo mọ̀."

Delmar ṣì dúró síbi tó wà, ó tẹjú mọ́ ọta tó wà lórí pákó. Awọ ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú. Nadine bẹ̀rẹ̀, ó mú ọta náà, ó sì fi sí àpò. "Èmi àti ìwọ máa sọ̀rọ̀, Delmar," ó wí fún un pẹ̀lẹ́. "Ìwọ ló yẹ kó o rí ìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Pe orúkọ wọn."

Ó pe Tess, ó ní òun á bá a dúró. Ó pe Wade, ó ní kí ó padà wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, Wade sì mi orí pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá ku Arlene.

Curtis ti gba ẹnu ọ̀nà ọgbà wọlé. Kò bínú, ọ̀rọ̀ náà kàn rú u lójú ni. "Ọ́ńkù," ó ní, "mo ti rí ohun tí mo wá wò. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí. Ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé ẹni tó pa Duchess ò yẹ kó tún gbé ìbọn láyé. Ṣé ẹ ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ yín?"

"Duchess?" Tess béèrè. "Ajá inú ìtàn yẹn? Ṣé Mìsísì Vogt ni ọmọ náà?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Arlene ń wò. Kò fi ojú bẹ̀ ẹ́, kò sì fi ojú halẹ̀ mọ́ ọn. Ó kàn dúró, bí ó ṣe ti ń dúró láti ọjọ́ yìí wá.

Delmar ṣí fìlà. Orí rẹ̀ ti pá, òógùn wà lórí ẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ti ń mú.

"Mo dúró lórí ẹ̀," ó ní. "Ẹni tó pa Duchess ò yẹ lórí ìlà yìí. Ẹ ti rí i lónìí pé kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n wò." Ó fi fìlà náà nu òógùn orí rẹ̀. "Kò sí ọmọbìnrin kankan nínú ìtàn yẹn, Curtis. Ọmọkùnrin ni. Mo yọ ilé ọta bí Dádì ṣe kọ́ mi, mo rò pé ó ti ṣófo, mo sì yìn ín sí ògiri kí n lè gbọ́ bó ṣe máa dún kọ̀ọ́. Ìyá ẹ ń bó ọ̀dùnkún. Ẹ̀yìn ló kọ sí mi. Mo gbé ìbọn síwájú rẹ̀, mo purọ́ mọ́ ọn, Dádì sì gbà mí gbọ́ títí ó fi wọ ilẹ̀."

Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Èmi ni mo yin ìbọn yẹn, Arlene. O ò fọwọ́ kàn án rí."